Kí ni Àlejò Ń Wá Lẹ́nu Ọ̀nì?

   

Ìwé tí ẹ fi pè mí wá sí àpèjọ yìí ní Abuja ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìrìn-àjò ìgbafẹ́ àti àwọn ẹranko inú omi. Nígbà tí mo sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé orí ọ̀nì àti ẹja ekurá, èyí tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní ṣáàkì, ni mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lé, ẹnu yà wọ́n. Wọ́n ní kí ló pa ará Abuja pọ̀ mọ́ ẹranko omi, ìlú tó jẹ́ pé àpáta ló yí i ká, tí ẹni tó bá fẹ́ fojú kan òkun ní láti rin ìrìn-àjò ọ̀nà jíjìn kí ó tó rí i, tí omi tí a sì ń lọ gba atẹ́gùn létí rẹ̀ kò ju adágún Jabi tí ọwọ́ ènìyàn gbẹ́ lọ. Èsì tí mo fún wọn ni pé ìlú yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà tọ́ sí. Níhìn-ín ni olú ilé-iṣẹ́ àjọ tó ń mójú tó ìrìn-àjò ìgbafẹ́ ní Nàìjíríà wà. Níhìn-ín ni olú ilé-iṣẹ́ àjọ tó ń ṣọ́ àwọn igbó ẹranko ìjọba àpapọ̀ wà. Láti pápákọ̀ òfurufú ìlú yìí náà ni púpọ̀ nínú àwọn tó jókòó síbí ti ń gbéra lọ lo ìsinmi lọ́dọọdún, tí wọ́n sì ń mú àwòrán bọ̀ wálé láti ibi tí àwọn bàbá ńlá wọn kì bá tí sún mọ́, bí a tilẹ̀ fi oyè lọ̀ wọ́n.

Ìbéèrè tí mo gbé wá rọrùn láti bi, ó sì ṣòro láti dáhùn: kí ló dé tí ènìyàn tí orí rẹ̀ pé, tí ó ní ọkọ tàbí aya, tí ó ní ọmọ tí kò tíì jáde ilé-ìwé, fi ń fi owó òógùn ojú rẹ̀ san ìrìn-àjò lọ sí ọ̀dọ̀ ẹranko tí ó lè fi òun fúnra rẹ̀ ṣe òkèlè? Àwọn kan a ní owó ló pọ̀ lápò wọn. Àwọn mìíràn a ní ikú ló ń pè wọ́n, nítorí ikú tí yóò pa ajá kì í jẹ́ kó gbóòórùn imí. Mo bọ̀wọ̀ fún òwe náà, ṣùgbọ́n kò bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Àwọn ènìyàn tí à ń sọ yìí ń gbóòórùn ewu náà dáadáa. Nítorí òórùn náà gan-an ni wọ́n ṣe wá. Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, òótọ́ ni, ẹni tó bá sì fẹ́ rí àràmàǹdà lásán lè rí i láìfi ẹsẹ̀ kan omi. Ní ìdájọ́ tèmi, ohun tí àlejò ń wá lẹ́nu ọ̀nì ni ìdásí: kí ohun tó ní agbára láti pa á wò ó lójú kòrókòró, kí ó sì dá a sí. Orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni mo fẹ́ dúró lé, mo sì fẹ́ fi hàn yín pé ìdásí náà kì í ti ọwọ́ ẹranko wá gẹ́gẹ́ bí àlejò ti ń rò.

Etí adágún Paga

Paga jẹ́ ìlú kan ní òpin àríwá ilẹ̀ Ghana, ní ẹkùn Upper East, níbi tí ilẹ̀ Burkina Faso wà lọ́ọ̀ọ́kán. Adágún méjì ló mú orúkọ rẹ̀ kàn, ti olóyè ìlú àti èyí tí wọ́n ń pè ní Zenga, ọ̀nì ló sì kún inú wọn. Ìtàn tí àwọn ará ìlú náà ń sọ ni pé ọdẹ kan tí í ṣe bàbá ńlá wọn wà nínú ìpọ́njú létí odò, tí kò sí ọkọ̀, tí kò sí afárá, ni ọ̀nì kan bá gbé e kọjá sí òdì kejì. Ó sì búra pé òun àti ìran òun kò ní pa ọ̀nì, wọn kò sì ní fi ẹran rẹ̀ kan ẹnu. Láti ìgbà náà ni èèwọ̀ náà ti wà. Àwọn obìnrin ń fọ aṣọ, àwọn ọmọdé ń ṣeré, àwọn ẹran ọ̀sìn ń mumi létí adágún kan náà tí ọ̀nì ń gbé; wọ́n sì gbà pé ẹ̀mí àwọn ọmọ ìlú so mọ́ ti àwọn ẹranko náà, tó bẹ́ẹ̀ tí ikú ọ̀nì ńlá kan fi lè jẹ́ àmì pé ènìyàn pàtàkì kan fẹ́ wàjà.

Ìròyìn kò tó àfojúbà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ya àwòrán rẹ̀. Àlejò yóò san owó ìwọlé, yóò san owó adìẹ. Olùtọ́jú adágún yóò súfèé, yóò mú kí adìẹ náà ké. Omi yóò dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ojú méjì àti ihò imú méjì yóò yọ lókè omi, láìsí ìgbì, láìsí ìró. Ọ̀nì, ọba abẹ́ ibú, a-lúwẹ̀ẹ́-má-rú-omi, ẹlẹ́nu gígùn tí kì í bá ẹnikẹ́ni tàkurọ̀sọ, a-gbé-ìhámọ́ra-wọ̀-látinú-ẹyin, yóò wọ́ jáde wá sórí ẹrẹ̀, yóò dùbúlẹ̀, yóò ya ẹnu sílẹ̀ gbàgà. Olùtọ́jú yóò di igi pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan mú. Yóò sọ fún àlejò pé kí ó gba ẹ̀yìn wá, kí ó má ṣe gba iwájú, kí ó lóṣòó, kí ó gbé ìrù náà lé ọwọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má wo ọ̀nì náà ní àkókò yìí, àlejò ni kí ẹ wò. Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n; ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìrù ọ̀nì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára olùtọ́jú, a kì í sì í rí i kí ó ṣí ojú náà kúrò níbẹ̀. Ojú olùtọ́jú ni ó ń wò láti mọ̀ bóyá kí òun bẹ̀rù tàbí kí òun fi ọkàn balẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Paga kò dá nìkan wà. Ní Bazoulé, nǹkan bí kìlómítà 30 sí Ouagadougou, ọ̀nì tó lé ní 100 ló wà nínú adágún kan tí àwọn ará abúlé náà ní ọ̀nì ló fi ọ̀nà rẹ̀ han àwọn ìyá wọn nígbà ọ̀dá, tí òùngbẹ fẹ́ pa ìlú run. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ṣe ọdún Koom Lakre, tí wọ́n ń rúbọ, tí wọ́n sì ń tọrọ ire. Ó dùn mí pé rògbòdìyàn àwọn agbébọn tó gba ilẹ̀ Burkina Faso kan ti lé ọ̀pọ̀ àlejò kúrò níbẹ̀. Ẹni tí ń jókòó ti ọ̀nì láìfòyà ń sá fún ènìyàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní Bakau, ní etí òkun Gambia, adágún Kachikally wà lọ́wọ́ ìdílé Bojang láti ìrandíran. Àwọn obìnrin tó ń wá ọmọ ń lọ fi omi rẹ̀ wẹ̀, àwọn àlejò láti ilẹ̀ òyìnbó sì ń lọ fi àtẹ́lẹwọ́ pa ẹ̀yìn ọ̀nì níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gambia yẹ kó wọ̀ wá lára, nítorí àwọn Aku tó wà ní Banjul, ọmọ àwọn tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, ìran Yorùbá bíi tiwa ni púpọ̀ nínú wọn.

Ẹnìkan lè bi mí pé ṣé ọ̀nì Paga kò ní eyín ni. Ó ní. Ṣùgbọ́n ìran rẹ̀ yàtọ̀. Ní ọdún 1807 ni ará Faransé kan, Geoffroy Saint-Hilaire, ti kọ̀wé pé ọ̀nì kan wà tí kì í ṣe ti odò Náìlì tí gbogbo ayé mọ̀, ó sì fún un lórúkọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò kà á sí. Ó di ọdún 2011 kí ìwádìí DNA, títí kan ti àwọn òkú ọ̀nì tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ fi oògùn tọ́jú, tó fi hàn pé òótọ́ ló sọ. Ọ̀nì Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kéré sí èkejì, ìwà rẹ̀ sì rọ̀ jù ú lọ. Àwọn àlùfáà Íjíbítì pàápàá ti mọ èyí, nítorí òun ni wọ́n ń tọ́jú nínú tẹ́ḿpìlì wọn. Ẹ wá wò ó: àwọn baba wa ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti mọ irú ẹranko tí a lè bá dá májẹ̀mú fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí àwọn onímọ̀ tó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tó bá lọ gbé irú jíjókòó Paga dé etí odò àwọn ọ̀nì Náìlì kò ní padà wálé ròyìn.

Inú omi iyọ̀

Ẹ jẹ́ kí a fi adágún sílẹ̀, kí a bọ́ sójú òkun. Ní erékùṣù Sal, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù Cape Verde tó wà lójú agbami ní ìwọ̀-oòrùn Senegal, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Shark Bay. Omi ibẹ̀ kò jìn, ilẹ̀ rẹ̀ sì kún fún òkúta tó mú, nítorí náà àlejò yóò kọ́kọ́ yá bàtà rọ́bà, yóò di afinimọ̀nà mú lọ́wọ́, wọn yóò sì máa fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ títí omi yóò fi dé orúnkún. Wọn yóò dúró. Òjìji kan yóò kọjá nísàlẹ̀ omi, òmíràn yóò tẹ̀lé e, lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn wọn yóò sì la ojú omi lọ. Irú ekurá tí wọ́n ń pè ní lemon shark ni, ọmọ wọn ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Nítorí ìyá irú ekurá yìí kì í yé ẹyin, ọmọ tó ti gbó ló ń bí, àwọn ọmọ náà a sì máa gbé etí òkun tí kò jìn fún ọdún mélòó kan, títí wọn yóò fi tóbi tó láti jáde sí agbami. Iyàrá ìkókó ni àlejò wọ̀ láìkan ilẹ̀kùn. Ó sì ń jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òun ti bá ekurá rìn, ekurá sì ti jẹ́ kí òun lọ.

Ti Gansbaai ní South Africa le ju ìyẹn lọ. Ekurá funfun ńlá ni wọ́n máa ń wò níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, láti inú àgò irin tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, nítòsí erékùṣù Dyer, ní àgbègbè tí àwọn séèlì ń gbé. Ẹni tó gbé ọgbọ́n àgò náà kalẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ní ọdún 1963, ní Aldinga ní gúúsù Australia, Rodney Fox wà níbi ìdíje àwọn tó ń fi ọ̀kọ̀ pa ẹja lábẹ́ omi nígbà tí ekurá funfun gbá a mú ní àyà, ó sì fà á ya débi tí àwọn tó gbé e dé ilé ìwòsàn kò rò pé yóò rí ọjọ́ kejì. Ó yè. Púpọ̀ nínú wa ìbá ti fi òkun sílẹ̀ fún Olókun títí ọjọ́ alẹ́. Òun padà síbẹ̀. Nínú ọgbà ẹranko ni ó ti rí kìnnìún nínú àgò, ó sì rò ó pé kí òun yí i padà, kí ó jẹ́ ènìyàn ni yóò wà nínú àgò, kí ẹranko sì máa rìn káàkiri bí Ọlọ́run ti dá a. Òun ló sì ran àwọn tó ya àwòrán ekurá tòótọ́ fún sinimá Jaws ti ọdún 1975 lọ́wọ́, sinimá tí ó gbin ìbẹ̀rù ekurá sí ọkàn ọmọ aráyé. Ó wá fi ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà mú àwọn ènìyàn lọ wo ekurá kan náà kí wọ́n lè mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ìtàn tí mo mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sí èyí tó fi ohun tí mo ń wí hàn tó báyìí. Ẹni tí a dá sí kò lè jìnnà sí ohun tó dá a sí.

Ní ọdún 1991, South Africa ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó fi òfin dáàbò bo ekurá funfun. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2017 ni orca, ẹranko òkun dúdú-funfun tí eyín rẹ̀ kò mọ ọ̀gá, ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n nítòsí Gansbaai, tó ń yọ ẹ̀dọ̀ wọn jẹ, tí ó sì ń fi ìyókù sílẹ̀. Méjì nínú àwọn orca náà gba òkìkí tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ wọ́n ní Port àti Starboard. Àwọn ekurá sá. Ọ̀pọ̀ àlejò ti wọ àgò níbẹ̀ láti ìgbà náà láì rí ekurá funfun kan ṣoṣo, ekurá irú mìíràn ni wọ́n ń rí. Ẹni tí àlejò ń wá ìdásí lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ń sá fún ẹni tí kò dá a sí.

Ohun tí àwọn onímọ̀ wí

Àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn ti ṣe làálàá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Marvin Zuckerman ará Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbéèrè wọn ìfẹ́ ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ gbóná ní àwọn ọdún 1960, ó sì rí i pé ó yàtọ̀ láti ẹnìkan sí ẹnìkejì, bí ìga ti yàtọ̀. Paul Rozin, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Pennsylvania, ata ni ó fi ṣe tirẹ̀. Ó bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí ènìyàn fi ń jẹ ata tó ń ta á, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀, tí ó sì tún ń bu òmíràn sí i. Èrò rẹ̀ ni pé ara ń kígbe pé ewu dé, ọkàn sì mọ̀ pé ewu kò sí, adùn sì wà nínú pé ọkàn borí ara. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó ti ọbẹ̀ ata rodo rí kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo gba ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn tán. Bí ó bá jẹ́ pé jìnnìjìnnì nìkan ni àlejò ń wá, ewu ojú ọ̀nà tiwa láti Lokoja dé ìhín ti tó láti mú ẹ̀jẹ̀ gbóná, kò sì sí ẹni tó ń sanwó nítorí kí ó lè bẹ̀rù lójú ọ̀nà. Ẹranko aláàyè ni wọ́n ń wá, ẹranko tó ní ojú tó lè rí wọn, tó ní ẹnu tó lè pa wọ́n, tó sì lè yàn láti má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nì tí a fi igi gbẹ́, bí ó ti wù kó tóbi tó, kò sí ẹni tí yóò wọ ọkọ̀ òfurufú lọ lóṣòó sídìí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ohun kan tí àwọn onímọ̀ náà kì í sọ̀rọ̀ lé tó. Ẹni tó lè yàn láti sún mọ́ ewu, ẹni tí ewu kò ṣe aládùúgbò rẹ̀ ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, lórí odò Ọya nítòsí Niamey, erinmi dojú ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé dé, ènìyàn 13 ló sì bá a lọ. Àwọn ọmọ yẹn kò san owó láti rí erinmi. Ilé-ìwé ni wọ́n ń lọ, odò sì wà lójú ọ̀nà. Nígbàkígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ lọ́dọ̀ ẹranko, ó yẹ kí a rántí ẹni tí kò ní yíyàn.

Májẹ̀mú tí a yá

Mo ti ní kí ẹ fi ojú tí àlejò ń wo olùtọ́jú sọ́kàn. Níbẹ̀ ni kókó wà. Ọ̀nì Paga kò mọ àlejò, kò sì bá a dá májẹ̀mú kankan. Àwọn ará Paga ni májẹ̀mú wà láàárín wọn àti ẹranko náà: wọ́n ti fi ọjọ́ orí baba àti ọmọ bọ́ ọ, wọn kò sọ òkò lù ú, wọn kò dẹ pàkúté fún un, wọ́n mọ ìgbà tí ó yó àti ìgbà tí ebi ń pa á, wọ́n mọ èyí tó ti dàgbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ àti èyí tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ìtẹ́ òun. Májẹ̀mú ọlọ́jọ́ pípẹ́ yìí ni àlejò ń yá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí ó sì ń san owó adìẹ lé e lórí. Ohun tí ó ń rò pé ọ̀nì fún òun, ọwọ́ àwọn tó ń tọ́jú ọ̀nì ni ó ti gbà á.

Níbi tí kò bá ti sí ẹni tó ní májẹ̀mú, kò sí ohun tí àlejò lè yá. Ní Hadera, ní etí òkun Israel, omi lílọ́ wọ́rọ́ tó ń ti ilé-iṣẹ́ amúnáwá jáde ń fa ekurá wá lọ́pọ̀ yanturu nígbà òtútù. Ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ síbẹ̀. Àwọn kan ń lúwẹ̀ẹ́ láàárín wọn, àwọn kan ń ju ẹja sí wọn, a sì rí ẹni tó gbìyànjú àtifọwọ́ fa lẹ́bẹ́ wọn. Àwọn onímọ̀ kìlọ̀ títí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ekurá pa ọkùnrin kan tó wọ omi náà, lójú àwọn tó dúró létí òkun. Àwọn ekurá wọ̀nyẹn kò ṣẹ̀ ju bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Ènìyàn ló rò pé nítorí pé wọn kò bu ẹnikẹ́ni jẹ lánàá, wọ́n ti búra.

Àní àwọn tó mọ ẹranko ju gbogbo wa lọ kò ní ìwé ẹ̀rí. Steve Irwin, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ẹni tí ń fọwọ́ mú ọ̀nì, ẹja pẹlẹbẹ onírù olóró ló gún un láyà ní Batt Reef ní Australia lọ́jọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 2006. Ní oṣù kejì ọdún 2010, ní ọgbà SeaWorld ní Orlando, orca tó ń jẹ́ Tilikum pa Dawn Brancheau, olùkọ́ tó ti ń bá irú ẹranko bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ikú ogun ní ń pa akíkanjú, ikú odò ní ń pa òmùwẹ̀.

Kí n má ba à dá ẹ̀rù bà yín ju bó ti yẹ lọ, àwọn tó ń ṣe àkọsílẹ̀ irú ọ̀ràn báyìí ní Florida sọ pé gbogbo ènìyàn tí ekurá bù jẹ káàkiri ayé láìjẹ́ pé wọ́n tọ́ ọ ní ọdún 2024 jẹ́ 47, nígbà tí ti ọdún 2023 jẹ́ 69, díẹ̀ nínú wọn ló sì kú. Ẹ gbé ìyẹn ka ẹ̀gbẹ́ kan. Kí ẹ wá gbé ekurá bíi mílíọ̀nù 100 tí ìwádìí ọdún 2013 kan fojú bù pé ọmọ ènìyàn ń pa lọ́dọọdún ka ẹ̀gbẹ́ kejì, púpọ̀ nínú wọn nítorí lẹ́bẹ́ tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìdásí, ekurá ni ó yẹ kí ó máa tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wa.

Ọ̀dọ̀ tiwa

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Irú májẹ̀mú tí mo ń wí yìí wà nílẹ̀ wa. Ní Òjé, ní Ìbàdàn, nínú agbo ilé Délésolú, ọ̀nì wà tí àwọn ará ilé náà ní ó ti lé ní 70 ọdún lọ́dọ̀ wọn. Nínú ọgbà tí wọ́n mọ ògiri yí ká ni ó wà, láàárín ilé, níbi tí àwọn ìyàwó ilé ti ń dáná, tí àwọn ọmọ ti ń sáré kiri. Ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó, àwọn tó ń wá ọmọ ń wá tọrọ, ìdílé náà ló sì ń bọ́ ọ. Ẹ fi èyí wé ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, ọjà tí òkìkí ẹja rẹ̀ kàn káàkiri Èkó, níbi tí a ti ń rí ọ̀nì tí wọ́n fi okùn di ẹnu rẹ̀ nílẹ̀, tí ó ń dúró de ẹni tí yóò fi í se ọbẹ̀. N kò dá àwọn ìyá tó ń ta á lẹ́bi. Iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èpo igi. Ẹranko tí àwọn ará Bakau fi ń gba àlejò láti ìlú òyìnbó lọ́dọọdún, tiwa ń parí sínú ìkòkò lọ́jọ́ kan.

Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í dábàá pé kí àwa náà gbẹ́ adágún sí ẹ̀yìn odi Abuja, kí a da ọ̀nì sínú rẹ̀, kí a kọ́ ilé ìtura tì í, kí a sì máa gba owó. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin tí ẹ wà nípò, ẹ má ṣe é. Adágún ṣeé gbẹ́, ọ̀nì ṣeé rà, ilé ìtura ṣeé kọ́. Májẹ̀mú ni kò ṣeé rà lọ́jà. Olùtọ́jú tí a gbà síṣẹ́ ní oṣù tó kọjá, tí a kò tíì san owó oṣù rẹ̀, kò ní ojú tí àlejò lè wò kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ibi tí èèwọ̀ ti wà tẹ́lẹ̀ ni kí ìjọba lọ: àwọn ìdílé, àwọn odò àti àwọn ọ̀sà tí àwọn ará ibẹ̀ kò jẹ́ kí a pa ẹranko kan. Kí a bi àwọn àgbà ibẹ̀ léèrè bóyá wọ́n fẹ́ àlejò tàbí wọn kò fẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́, kí owó náà dé ọwọ́ wọn kí ó tó dé ọ́fíìsì kankan. Kí a kọ́ ògiri tó gba ẹranko láàyè láti sá fún ènìyàn bí ó ti gba ènìyàn láàyè láti sá fún ẹranko. Kí nọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ wà nítòsí. Kí a sì fòfin de àlejò tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ẹranko, nítorí ọ̀nì tàbí ekurá tó bá ti kọ́ láti so ọwọ́ ènìyàn pọ̀ mọ́ oúnjẹ, ọmọ ẹlòmíràn ni yóò jìyà rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Bí wọ́n bá sì ní àwọn kò fẹ́, kí a fi wọ́n sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ó lọ lo ìsinmi lọ́dún yìí, tí ẹ ó dé Sal tàbí Gansbaai tàbí Bakau, n kò ní kí ẹ má lọ. Kí ẹ tó fi ẹsẹ̀ kan omi, ẹ wo ojú ẹni tó mú yín wá. Ẹ bi í pé ọmọ ta ni, pé ọdún mélòó ni ó ti lò níbẹ̀, pé kí ni ó ń ṣe ní ọjọ́ tí ẹranko kò bá fẹ́ àlejò. Bí ó bá dá yín lóhùn pé kò sí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ rí, ẹ gba owó yín padà.